Oúnjẹ Wà, Àyè Ni Kò Sí

Àdúgbò Tààkíẹ̀,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú òtútù, o kú ìrìn òkè. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà. Bàbá Fọlá ní kí n kí ọ, àwọn ọmọ náà ń béèrè Àǹtí Bàálù, pàápàá àbíkẹ́yìn tó máa ń juwọ́ sí gbogbo bàálù tó bá kọjá lókè. Ó gbà pé ìwọ lo wà nínú gbogbo wọn.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé o kì í rí àyè jẹun lẹ́nu iṣẹ́ títọ́jú èrò nínú bàálù tí ò ń ṣe ní Yúróòpù. Mi ò fi ohùn dá ọ lóhùn nítorí ọ̀rọ̀ náà pọ̀, mi ò sì lè máa sọ ọ́ kí ẹnì kan tún máa ké sí mi pé, "Ìyá Fọlá, ẹ fi ṣàkì kan sí i." Mo ní kí n dúró di alẹ́ tí mo bá palẹ̀ ìkòkò mọ́ tán, kí n jókòó kọ ọ́ bí a ṣe máa ń kọ lẹ́tà síra wa nígbà tí o ṣì wà l'Ékòó, kí n wá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Hòtẹ́ẹ̀lì ni kí o ti kà á, má kà á lẹ́nu iṣẹ́.

O ní ọwọ́ rẹ gbọ̀n nígbà tí ò ń da tíì fún ìyá àgbà kan, tí tíì náà ta sínú àwo ìsàlẹ̀ ife, tí ìyá wá wò ọ́ lójú, tó ní ṣé o ti jẹun. Àjèjì ló béèrè o! Àwọn tó ń gbà ọ́ síṣẹ́ kò béèrè. Bí o ṣe sọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ, mo fi ojú inú wò ó. O jí láago mẹ́ta òru, o mu kọfí, o so síkáàfù mọ́rùn, o bọ́ sójú ọ̀nà. Bàálù gbéra, ó balẹ̀. Èrò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ iwájú, ẹ̀yin ń ṣa ìwé àti ike omi lórí ìjókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ẹ yẹ abẹ́ àga wò, ẹ ka ohun tó yẹ kí ẹ kà, èrò tuntun tún ń wọlé, bàálù tún gbéra. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Oúnjẹ tìrẹ wà nínú ààrò láti ìrìn àkọ́kọ́. O ká bébà fàdákà orí rẹ̀, ooru inú rẹ̀ gbá ọ lójú, o gba ṣíbí kan sẹ́nu níbi tí o dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ni ẹnì kan bá ṣí aṣọ títa, ó ń wá omi. O gbé abọ́ kalẹ̀. Kí o tó dé, ẹlòmíràn ti tẹ aago, ọmọ ẹnì kan ti bì. Ìgbà tí o padà sí ìdí abọ́ yẹn, ìrẹsì ti gan, iná bẹ́líìtì ti tàn, bàálù ti ń sọ̀ kalẹ̀. O dà á nù.

Ọwọ́ kan náà tó fún èrò bí ọgọ́sàn-án lóúnjẹ ló da tirẹ̀ sínú àpò ìdọ̀tí. Ìyẹn ni mi ò rí gbé mì.

Mo sọ ọ́ fún màmá rẹ. (Má bínú, wọ́n bi mí léèrè rẹ lójú ara mi, mi ò lè purọ́ fún wọn.) Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé wọn kì í fún un lóúnjẹ ni?" Mo ní wọ́n ń fún un. Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí kò jẹ ẹ́?" Mo ń ṣàlàyé pé àyè ni kò sí, wọ́n ń mi orí. Lójú tiwọn, bí oúnjẹ bá ti wà ńlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí àwọn ọ̀gá yín náà sì ń sọ nìyẹn, àbí? Pé àwọn ti gbé abọ́ tiyín sínú bàálù, iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni iye abọ́, kí lẹ tún ń fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, èmi tí mò ń ta oúnjẹ jẹun mọ̀ pé abọ́ tó wà lórí tábìlì kò tíì di oúnjẹ ẹnikẹ́ni.

O mọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, kò jìnnà síbi tí ọkọ̀ Ìlọrin ti ń kérò. Àwọn dírẹ́bà ni oníbàárà mi tó pọ̀ jù. Bàbá kan wà nínú wọn, Ọ̀yọ́ sí Ìlọrin ló ń ná, elérò méjìdínlógún ló ń wà. Bí ó bá ti yà síbí, yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò yọ kọ́kọ́rọ́, yóò sọ ọ́ sínú àpò ṣòkòtò, yóò ti ojú àpò náà bọ̀ ọ́. Yóò fọ ọwọ́ méjèèjì títí dé ìgúnpá. Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú, ata díẹ̀, pọ̀nmọ́ kan, ẹran kan. Àwọn èrò á máa kùn nínú ọkọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú, dírẹ́bà kò ní gbójú sókè. Ọjọ́ kan, agbèrò kan wá dúró lé e lórí níbi tó ti ń jẹun, ó ń pariwo pé ọkọ̀ ẹ̀yìn ti fẹ́ kún. Bàbá náà gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mì, ó mu omi, ó ní, "Ẹ̀mí méjìdínlógún ni mo kó. Tí ojú mi bá ń ṣú lọ́nà, ìwọ ni wà á bá mi dì í mú?" Agbèrò yí padà lọ.

Ìwọ kò ní kọ́kọ́rọ́ tí o lè yọ sápò. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, Àbẹ̀kẹ́. Bàbá yẹn ló ni àsìkò rẹ̀. Tìrẹ wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó ń fi kọ̀ǹpútà to ìrìn kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹni náà mọ̀ pé bàálù tó bá dúró sílẹ̀ kò pawó, nítorí náà gbogbo ìṣẹ́jú tó bá rí gé láàárín kí ó balẹ̀ àti kí ó tún gbéra, yóò gé e. Kò gé epo. Kò gé yíyẹ táyà wò. Ohun tó rọrùn láti gé ni ìṣẹ́jú tí kò lórúkọ nínú ìwé, ìyẹn sì ni ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń jẹun.

Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ló yẹ kí a máa kọ́ bí a ṣe ń jẹun. Ṣebí oríkì wa ló sọ ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété, níbi tí wọ́n ti ń jọkà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Àwọn baba wa fi oúnjẹ tó gbé èèyàn ró síwájú, wọ́n fi èyí tó ń tutù lọ́fun tẹ̀lé e. Ìwọ wá ń fi kọfí àti bisikíìtì ṣe ọkà, tí o sì ń retí pé kí orí má fọ́ ọ.

Ìwọ náà lo sọ fún mi, nígbà tí ẹ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, pé òfin wà fún un. Pé òfin Yúróòpù tó de àkókò iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù, awakọ̀ àti ẹni tó ń tọ́jú èrò pa pọ̀, ní kí àyè wà fún wọn láti jẹ àti láti mu nígbà iṣẹ́, kí iṣẹ́ wọn má bàa mẹ́hẹ, pàápàá tí iṣẹ́ náà bá ti kọjá wákàtí 6. Iye ìṣẹ́jú rẹ̀ ni òfin náà kò dá. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ní kó kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà rẹ̀, bí yóò ṣe rí i dájú pé àwọn òṣìṣẹ́ jẹun. Ìwé ìlànà yín yẹn ni kí o ṣí. Wá ojú ewé tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ wà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ni kí o fi bá wọn sọ̀rọ̀, má ṣe gbé ẹjọ́ ọwọ́ gbígbọ̀n nìkan lọ. Wọ́n á kàn ní kí o lọ rí dókítà.

O tún ní ọ̀rẹ́ rẹ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní tiwọn ti dára. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2022 ni ìjọba ibẹ̀ ti fi òfin gbé ìsinmi àwọn tó ń tọ́jú èrò sí wákàtí 10 láàárín iṣẹ́ kan àti èkejì. Tẹ́lẹ̀, wákàtí 9 ni, wọ́n sì lè gé e sí 8. Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi alẹ́ kò lè bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án jẹun.

Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ ní Poli, ìtàn kan wà tí olùkọ́ wa kì í jẹ́ kí a gbàgbé. Oṣù Kejì ọdún 1975 ni. Bàálù ńlá kan ti Japan Air Lines kó èrò 344 láti Tokyo, Paris ni wọ́n ń lọ. Ó yà ní Anchorage ní Alaska, wọ́n gbé oúnjẹ àárọ̀ sí i níbẹ̀, ẹyin díndín pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Kí wọ́n tó dé Copenhagen tí wọ́n tún fẹ́ yà, inú rírun ti bẹ̀rẹ̀, èébì, ìgbẹ́ gbuuru. Èèyàn 197 ló ṣàìsàn, 144 ló dé ilé ìwòsàn. Alásè kan tó legbò lọ́wọ́ ló fọwọ́ kan ẹran náà, wọ́n sì fi oúnjẹ náà síbi tí kò tutù tó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. (Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí, ọmọ iṣẹ́ mi tó bá ti gé ara lọ́wọ́, ìdí abọ́ fífọ̀ kọ́, ìdí ìkòkò kọ́, owó ni yóò máa gbà.) Àwọn awakọ̀ kò jẹ nínú ẹyin náà. Alaska ni wọ́n ti gba ọkọ̀, lára tiwọn alẹ́ ló ṣì jẹ́, ẹran màlúù ni wọ́n jẹ. Ìyẹn ló kó gbogbo bàálù yọ.

Irú ìtàn báyìí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa fún ọ̀gá awakọ̀ àti igbákejì rẹ̀ ní oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó má bàa jẹ́ pé ìkòkò kan náà ni yóò da àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ronú jinlẹ̀ tó lórí ohun tí awakọ̀ jẹ, tí wọn kò ronú tó bẹ́ẹ̀ lórí ìgbà tí ìwọ jẹun. Kí wọ́n tó gbà kí irú bàálù tuntun kan máa kó èrò, àwọn tó ṣe é gbọ́dọ̀ fi hàn pé gbogbo èèyàn inú rẹ̀ lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90, kí ìdajì ilẹ̀kùn má sì ṣe é lò. Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn? Ta ni yóò máa pariwo "ẹ fi ẹrù sílẹ̀"? Awakọ̀ wà níwájú, ẹ̀yin lẹ wà láàárín èrò. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kí wọ́n wá máa retí kí gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ yín yọjú lẹ́ẹ̀kan náà nínú orí tí ebi ti ń fọ́ látàárọ̀!

Àwa èrò náà ò rí bẹ́ẹ̀ sunwọ̀n. Nígbà tí mo wọ bàálù láti Ìlọrin lọ sí Èkó lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò Bàbá Fọlá, ọyẹ́ dí ojú ọ̀run, ọkọ̀ kò gbéra. Ariwo tí àwọn èèyàn pa! Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, tí bàálù bá ti pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún èrò ní ìpanu. Wọ́n pín in, gbogbo wa jẹ. Ọmọbìnrin tó wà níwájú, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni tó ń bú u. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í bóyá òun ti fi nǹkan kan sẹ́nu.

Ó yá, ká sọ ti oúnjẹ fúnra rẹ̀, torí ìyẹn ni mo mọ̀ jù. O ní ìwọ náà fẹ́ máa gbé oúnjẹ tirẹ dání. Ó dára, ṣùgbọ́n fi ẹ̀wà sílẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi. Mo mọ̀ pé yóò dùn ọ́. Afẹ́fẹ́ inú bàálù dà bí ti orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú ìfun èèyàn yóò fẹ̀ sí i níbẹ̀, ṣòkòtò á fún, ikùn á máa pariwo níwájú èrò. Gbẹ̀gìrì náà wà níbẹ̀, ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kábéèjì pàápàá kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ohun tó lè di ọ́ mú ni ohun tí o lè fi ọwọ́ kan jẹ láàárín èrò méjì, tí kò nílò ààrò, tí kò sì ní jò sára aṣọ iṣẹ́. Ẹyin bíbọ̀. Dùńdú, kí o gé e tẹ́ẹ́rẹ́, kí o fi epo díẹ̀ dín in, kí o jẹ́ kó tutù tán kí o tó dé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò làágùn nínú ike. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ̀pà sísun. Ẹja díndín bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kò bá ní bínú sí òórùn rẹ̀, mo mọ̀ wọ́n á bínú. Pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sínú ike kan, torí èyí tí wọ́n bá dá ọ dúró nídìí rẹ̀ kò ní ba ìyókù jẹ́. Tí o bá sì tọ́ ọ wò lókè tó dà bíi pé iyọ̀ kò tó, má fi iyọ̀ kún un. Òkè ni kì í jẹ́ kí ẹnu mọ iyọ̀ àti ṣúgà bó ṣe yẹ. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ, ariwo ẹ́ńjìnnì náà sì ń dá kún un.

Kí o sì máa mu omi. O sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín pé ẹ kì í mu omi kí ẹ má bàa wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí èrò tò síbẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni orí fífọ́ yẹn ti ń wá.

Màmá rẹ fẹ́ fi wàrà àti ẹran gbígbẹ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọmọ Pásítọ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n ti ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, wọ́n ti dín in. Èmi ni mo dá wọn dúró. Wọn kì í gbà kí èèyàn kó ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe láti Nàìjíríà wọ Yúróòpù, ì báà kéré, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ wọ́n á dà á nù. Ojú wọn fà ro. Ní báyìí, àádùn àti kókòrò ni wọ́n ń dì sínú ọ̀rá, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àádùn náà ní epo dáadáa, kí o má fi sínú àpò aṣọ iṣẹ́. Ọmọ Pásítọ̀ jẹ wàrà náà níbí, ó ní kò sóhun tó burú.

Nípa ìpàdé tí o fẹ́ bá ọ̀gá yín ṣe: má béèrè oúnjẹ tó pọ̀ sí i. Bí o bá béèrè ìyẹn, wọ́n á fi bisikíìtì kan kún abọ́, wọ́n á ní àwọn ti ṣe é. Ìṣẹ́jú ni kí o béèrè. Kí ó wà nínú rósítà gan-an, ìwé tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ yín, kó lórúkọ, kí ìrìn mẹ́rin má ṣe lọ láìsí ibì kan tí wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹ lè jókòó, ilẹ̀ ni o, kì í ṣe òkè. Ní òkè, kí aṣáájú yín máa yọ èèyàn kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba èrò rẹ̀, kí aṣọ títa wà ní títì títí yóò fi jẹ tán. Kò ná wọn ní owó kankan. Gbé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín dání lọ, má dá nìkan lọ. Àwọn tí ẹ jọ ń da oúnjẹ nù, ẹ jọ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ìrìn tí ẹ kò ti rí jẹun sílẹ̀, ẹ gbé ìwé kalẹ̀ níwájú wọn. Ọ̀gá tí kò ka ẹkún sí yóò ka ìwé.

Ilé ńkọ́? Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, èlùbọ́ ṣì wọ́n. Ọjà Wàásó ṣì ń kún bí ẹni pé gbogbo ayé ló wà níbẹ̀. Fọlá ti wọ LAUTECH, ó ń ka ìmọ̀ oúnjẹ, ó ti ń bá mi jiyàn lórí bí mo ṣe ń se ewédú. Ó ní káún tí mò ń fi sí i ti pọ̀ jù. Ọmọ tí mo fi ewédú yẹn tọ́!

Tí o bá ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà, má gba ọ̀nà mọ́tò láti Èkó, ọ̀nà náà ń dáni lágara. Bàálù Ìlọrin kò tó wákàtí kan lókè, Bàbá Fọlá á wá gbé ọ níbẹ̀, ẹ ó dé ilé kí oúnjẹ tó tutù. Fi ọjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ ní kíá, torí ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mi ò fẹ́ kó rí àwáwí.

Kí o sì kọ́kọ́ fi ẹ̀dà lẹ́tà tí o fẹ́ kọ sí ọ̀gá yín ránṣẹ́ sí mi kí o tó fi lé wọn lọ́wọ́. Mo mọ̀ ọ́, wà á ti fi "ẹ jọ̀wọ́" àti "ẹ má bínú" kún ojú ewé àkọ́kọ́. Mo fẹ́ yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́ (Ìyá Fọlá)